A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́: Ìtàn Ìlàjà àti Ìgbẹ́jọ́ Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọkọ̀ Akẹ́rù

Òwe kan wà tí ó ṣòro kí a rí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá gba ènìyàn lójú títì, tí ẹbí ẹni tí ó kú tàbí tí ó fara pa bá jókòó láti gbìmọ̀, òwe yìí ni àgbà kan yóò kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò yí sí ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀: ẹ jẹ́ kí á gba ohun tí wọ́n bá mú wá, kí á fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí á jọ wo òwe náà dáadáa lónìí, kí á sì wo ìtàn tí ó yí i ká, nítorí pé ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ opó àti ọmọ òrukàn ni òwe yìí ti ná ní ohun tí àwọn tí ó pa á kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. "Kóòtù" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a bá nínú èdè wa. Láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a. Yorùbá ní "ẹjọ́" tirẹ̀, ó ní "ìdájọ́", ó ní "ẹlẹ́rìí", ó ní "ẹ̀bi" àti "àre", gbogbo wọn sì ti wà kí òyìnbó tó dé. Ohun tí a kò ní ni kóòtù fúnra rẹ̀: ilé kan tí kì í ṣe ààfin, tí kì í ṣe ìta baálẹ̀, tí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ kò mọ baba ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tí ń jà, tí ó sì ń fi èdè tí wọn kò gbọ́ dá ẹjọ́ wọn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó títí di ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1861. Òfin tí ó fi ìdí ilé ẹjọ́ àgbà ti ìgbà náà kalẹ̀ sì jáde ní 1876. Nítorí náà, bí òwe yìí ṣe wà lẹ́nu wa lónìí, kò lè ju nǹkan bí 160 ọdún lọ. Ẹ̀gbọ́n díẹ̀ ni ó fi ṣe fún lọ́rì.

Èrò tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ti pẹ́ jù ú lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "làjà": là ìjà. Ẹni tí ó ń làjà bọ́ sí àárín àwọn méjì, ó là wọ́n. Kì í ṣe ẹni tí ó jàre nìkan ni ó ń wá. Ó ń wá bí àwọn méjèèjì yóò ṣe tún jọ máa pọnmi nínú odò kan náà. Bí ewúrẹ́ rẹ bá jẹ iṣu mi, bí ọmọ mi bá sọ òkúta lu ọmọ rẹ, a óò tún pàdé lọ́jà, a óò tún jọ sin òkú, àbúrò mi sì lè wá fẹ́ àbúrò rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí kan owó ẹyọ tí ó kẹ́yìn lè gbà á tán kí ó wá rí i pé òun kò ní aládùúgbò mọ́. Ìṣirò ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn tí ń gbé pọ̀ ni.

Lọ́rì ni ó da ìṣirò náà rú.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ní 1906, wọ́n la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí a máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni ọkọ̀ akẹ́rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lójú ọ̀nà, kòkó sì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ìyókù. Bọ́lẹ̀kájà ni a sọ ọ́. Orúkọ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé odindi gbólóhùn ni: bọ́ sílẹ̀, ká jà! Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni ó ń fi pe ara wọn níjà. Ẹ jẹ́ kí ìdíje èrò yìí wà lọ́kàn yín; a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ohun tí lọ́rì gbé wọ àwùjọ wa ni àjèjì tí ó lè pa ọmọ ẹni kí ó tó mọ orúkọ ìlú tí ó ti pa á. Ọkọ̀ tí ó gba àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkirè lè jẹ́ ti oníṣòwò kan ní Èkó, awakọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ẹrù inú rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Odò wo ni opó àgbẹ̀ náà àti ilé-iṣẹ́ yẹn yóò tún jọ máa pọn? Kò sí ọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹjọ́ yóò wá bà jẹ́. Síbẹ̀ òwe náà kò kúrò lẹ́nu, wọ́n sì ń pa á bí ẹni pé ojúlé kejì ni oní-ọkọ̀ ń gbé.

Kí wá ni kóòtù ní lọ́wọ́ fún irú opó bẹ́ẹ̀? Ìtàn èyí gùn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òfin wọn ni a jogún.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àánú ni òfin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1808, tọkọtaya kan wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ọkọ̀ náà dojú dé, ìyàwó sì kú lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Adájọ́ Lord Ellenborough ní ọkọ lè gba owó lórí ìpalára tirẹ̀ àti lórí ìwọ̀nba ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fi wà nínú ìrora kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n ikú náà ńkọ́? Ó ní ikú ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè torí rẹ̀ béèrè owó gbà-má-bìínú ní ilé ẹjọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ó dín gbèsè oní-ọkọ̀ kù bí ó bá pa èrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju kí ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lọ.

Òfin mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó ti wà láti ayé àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní deodand. Ohunkóhun tí ó bá pa ènìyàn, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù, yóò di ti ọba, tàbí kí oníǹkan san iye rẹ̀. Àwọn tí ó máa ń fi Ògún ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ní èrò àwọn aláìmọ̀kan ni pé irin ń mu ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé títí di 1846 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bu owó lé irin tí ó bá pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1841, ọkọ̀ ojú irin ilé-iṣẹ́ Great Western kọ lu ilẹ̀ tí ó ya wálẹ̀ ní Sonning, nítòsí Reading, èrò mẹ́sàn-án sì kú. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ikú wọn bu £1,000 lé ẹ́ńjìnnì àti àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó pọ̀ lójú, àbí? Ṣùgbọ́n òfin deodand kò fún àwọn opó ní kọ́bọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀. Ti ọba ni, tàbí ti ẹni tí ọba bá gbé ẹ̀tọ́ náà fún.

Ní 1846 ni ilé aṣòfin wọn gbé òfin méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan pa deodand rẹ́. Èkejì, tí a mọ̀ sí òfin Lord Campbell, fún aya, ọkọ, òbí àti ọmọ ẹni tí ó kú ní ẹ̀tọ́ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ fa ikú náà. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọn yóò pè fún gbogbo wọn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ju oṣù 12 lọ. Òfin yìí ni ó rìn dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ìjọba amúnisìn pàṣẹ pé kí àwọn òfin gbogboogbò tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900 máa ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Báyìí ni opó àgbẹ̀ ní Ìkirè ṣe di ajogún òfin tí ó jáde ní ayé ọkọ̀ ojú irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, àwọn ìjọba tiwa náà ṣe òfin tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà.

Ẹjọ́ méjì mìíràn láti ayé ìgbà náà ni ó jẹ́ kí ìgbẹ́jọ́ ní láárí fún ẹni tí lọ́rì ṣe ní jàǹbá, mo sì fẹ́ràn láti máa sọ wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Èkíní, 1862. Àwọn ọkọ̀ èrò ẹlẹ́ṣin ní London ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bọ́lẹ̀kájà gan-an. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kan fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú mọ́ ti ẹlòmíràn láti dí i lọ́nà, ó sì dà á nù. Nígbà tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó mú káàdì kan jáde: ẹ wò ó, a ti kọ ọ́ fún gbogbo awakọ̀ wa pé wọn kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sáré ìje, wọn kò gbọ́dọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ilé ẹjọ́ ní káàdì yẹn kò gbà yín sílẹ̀. Iṣẹ́ yín ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ṣe ohun tí ó ṣe. Láti inú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó ni lọ́rì kò lè nàka sí dírẹ́bà kí ó sì lọ sùn. Dírẹ́bà lè má ní ju ṣòkòtò tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó ní ilé.

Èkejì, 1863. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ ní ìgboro Liverpool, àgbá ìyẹ̀fun kan já lù ú láti ojú fèrèsé òkè. Kò sí ẹlẹ́rìí tí ó lè sọ bí àgbá náà ṣe já. Ilé ẹjọ́ ní àgbá kì í ṣàdédé yí jáde láti ojú fèrèsé. Kí ẹni tí ó ni í wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ wá ronú kan Ojúẹlẹ́gbà ní Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà kan já láti orí afárá ibẹ̀, ó sì pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, òmíràn tún já lu ọkọ̀ èrò ní ibẹ̀ kan náà, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó bá a lọ. Kọ̀nténà kì í fúnra rẹ̀ tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí tí ó bá mọ ẹjọ́ àgbá ìyẹ̀fun yóò mọ̀ pé kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ máa wá ẹ̀rí bí wọn kò ṣe so ẹrù náà dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni ìdójútòfò dé. Ní 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tí ó ní kí gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ń rìn lójú títì ní ìwé ìdójútòfò tí yóò san gbèsè ìpalára tí ó bá ṣe fún ẹlòmíràn. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Àyípadà ńlá ni. Láti ìgbà náà, ó yẹ kí owó wà níbì kan bí oní-lọ́rì tilẹ̀ jẹ́ òtòṣì. (Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìwé irú èyí fún ọkọ̀ akẹ́rù ti di ₦100,000 lọ́dún.) Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí òfin náà lò. Ó ní bí ilé ẹjọ́ bá ti dá ẹjọ́ lé oní-ọkọ̀ lórí, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ san án fún ẹni tí ó jàre. Ìdájọ́ ni ó wí. Kò wí pé ìlàjà. Ẹni tí kò bá ní ìdájọ́ lọ́wọ́ lè rí owó gbà o, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń rí i gbà, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ pé ìdájọ́ lè dé ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ pé ẹbí yìí kò ní pe ẹjọ́ láéláé, kí ni yóò mú un sanwó tí ó nítumọ̀?

Ìdójútòfò tún mú nǹkan mìíràn wá tí a kì í sábà sọ. Yorùbá ní, bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹ wá ṣí ìwé ìdójútòfò ọkọ̀, ẹ wo àwọn àdéhùn tí wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ sẹ́yìn rẹ̀: ẹni tí ó ni ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí, kò gbọ́dọ̀ fi owó lọ ẹnikẹ́ni, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ sí i. Bí ó bá sọ pé "èmi ni mo jẹ̀bi", ilé-iṣẹ́ lè ní òun kò san mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá lọ́rì tí ìyá rẹ̀ kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ ṣe ń di odi níwájú òkú. Àwọn ẹbí tí ń retí kí ó bẹ̀bẹ̀ rí ẹnu tí a dì pa, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìgbéraga. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó dé kóòtù, ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe owó. Òfin náà sì ti pèsè ọ̀nà àbáyọ: ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà pé ti ìlàjà ni, a kò gbọ́dọ̀ mú un wá sí ilé ẹjọ́ bí ẹ̀rí ẹ̀bi bí ìlàjà náà bá fọ́.

Báwo ni ìlàjà agbo ilé ṣe máa ń rí? Oní-ọkọ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ á wá pẹ̀lú àgbà méjì mẹ́ta, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ onímọ́tò, pẹ̀lú pásítọ̀ tàbí àáfà. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ Èṣù ni (Èṣù, ẹni tí a ń di ohun gbogbo rù!), wọ́n á ní àwọn yóò gbọ́ bùkátà ìsìnkú. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fojú tín-ínrín wo èyí. N kò sí lára wọn. Ohun kan wà nínú ìdọ̀bálẹ̀ yẹn tí kò sí adájọ́ tí ó lè pa á láṣẹ. Ní 1852, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Midland, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin Lord Campbell kì í sanwó ẹkún. Oúnjẹ tí òkú ìbá máa gbé wálé nìkan ni ó ń kà: iye tí ó ń rí, iye tí ó ń fún aya àti ọmọ, iye ọdún tí ìbá tún fi ṣiṣẹ́. Ìbànújẹ́ kò sí nínú ìṣirò náà.

Ìlàjà ní tirẹ̀ ń nu omijé, ṣùgbọ́n kì í ka ọdún. Owó tí wọ́n bá mú wá jẹ́ iye tí ó dun ẹni tí ń san án, kò dandan kí ó jẹ́ iye tí yóò tó ẹni tí ń gbà á. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré. Bí ọkùnrin ẹni ọdún 35 bá kú, tí ìbá sì tún fi ọdún 25 ṣiṣẹ́, owó oṣù 300 ni ó bá a lọ. Ilé ẹjọ́ yóò yọ ohun tí ìbá ná lórí ara rẹ̀, yóò sì yọ díẹ̀ sí i nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ bí ọ̀la ì bá ti rí, àti nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọn yóò san gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, láti orí 300 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nínú yàrá ìlàjà, ta ni ó máa ń dárúkọ 300? Owó pósí àti owó màlúù ni wọ́n ń sọ.

Ta ni ó sì ń gba owó náà? Òfin 1846 dárúkọ aya àti ọmọ, ó sì pàṣẹ pé kí a pín iye tí a bá dá fún wọn, kí olúkúlùkù mọ ìpín tirẹ̀. Nínú ìlàjà agbo ilé, ẹbí ni ó ń gbà á, ẹbí sì tóbi. Ẹ̀gbọ́n òkú ni ó ń tẹ̀ka sí ìwé. Ìyàwó lè má sí nínú yàrá náà rárá, ilé opó ni ó wà. Ìwé tí wọ́n sì tẹ̀ka sí yẹn, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó wí pé a ti gba owó náà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, pé a kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹni tí kò kú ni èyí tún máa ń ká mọ́ jù. Orúnkún rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti san, ó gba owó, ó tẹ̀ka. Lẹ́yìn ọdún méjì, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Kóòtù náà kì í dá ẹjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ gbọ́ ẹnu dókítà kí ó tó dá a.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìrọ̀rùn wà ní ọ̀nà kejì. Ẹjọ́ ń gba ọdún. Wọ́n á sún un síwájú nítorí pé lọ́yà kan kò wá, nítorí pé wọ́n gbé adájọ́ lọ sí ibòmíràn, nítorí pé ọlọ́pàá tí ó ya àwòrán ibi ìjàǹbá kò sí ní ìlú mọ́. Ẹlẹ́rìí ń gbàgbé. Náírà ń rọ. Owó tí ó tóbi ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn lè má ra ohun púpọ̀ mọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́. Oní-lọ́rì sì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Opó tí ọmọ rẹ̀ kò rí owó ilé-ìwé san ní sáà yìí kò lè fi ìrètí ọdún mẹ́jọ bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí òwe náà, tí n kì í sì í bínú sí opó tí ó gba owó.

Àkókò gan-an ni ó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìlàjà ṣe ń falẹ̀, ọjọ́ ń lọ. Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí ó fara pa láti pe ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ìjọba ni, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wà á lẹ́nu iṣẹ́, òfin kan wà láti 1916 tí ó ní oṣù mẹ́ta péré. Oṣù mẹ́ta! Òkú kan lè má tíì pé ogójì ọjọ́ kí ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ tó lọ. Ǹjẹ́ ìlàjà tí ó ń lọ lọ́wọ́ kò dá aago náà dúró? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn ní 1994 nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n pe NNPC: ìdúnàádúrà kì í dá àkókò dúró. Kì í ṣe ẹjọ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ọ̀nà kékeré kan wà tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti là ní 1990, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe Shell: bí ẹni tí a ń bá dúnàádúrà bá ti gbà pé òun jẹ gbèsè náà, tí ó kù kí ó san án nìkan, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ tún wá rí ohun tí ìwé ìdójútòfò ṣe: ó ti pa á léèwọ̀ fún oní-ọkọ̀ láti gba gbèsè náà. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ ní sùúrù, a ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" lè máa ní sùúrù títí ilẹ̀kùn kóòtù yóò fi tì. Lẹ́yìn náà, kò tún sí ìlàjà, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù mọ́.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò ní fara mọ́ ọn: lọ́dọ̀ àjèjì, ẹjọ́ tí a lè pè ni ó ń bí ìlàjà tí ó dára. Ẹ pè é kí ọjọ́ tó kọjá, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí òfin tí ó ní ẹni tí ó ti pe ẹjọ́ kò lè parí rẹ̀ lóde.

Èkó tilẹ̀ ti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Harvard, Frank Sander, dá a lábàá ní Amẹ́ríkà pé kí ilé ẹjọ́ ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, kí ẹni tí ó bá wọlé lè yan ìlàjà, tàbí onílàjà tí yóò dájọ́, tàbí adájọ́ fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2002, wọ́n ṣí irú rẹ̀ ní Èkó, Lagos Multi-Door Courthouse, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Òfin tirẹ̀ jáde ní 2007. Ọmọ Yorùbá kò ní ṣàìrẹ́rìn-ín pé a gba ìlàjà padà láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì: àdéhùn tí wọ́n bá tẹ ọwọ́ bọ̀ níbẹ̀, tí adájọ́ tí ó wà fún un bá fọwọ́ sí i, ti di ìdájọ́. Bí oní-lọ́rì kò bá san án, kì í ṣe àwọn àgbà ni a óò tún rán sí i. Akódà kóòtù ni yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ tí òfin 1945 lò gan-an nìyẹn. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni ti lọ́rì tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tí ìwé ìdójútòfò rẹ̀ jẹ́ ayédèrú, tí dírẹ́bà rẹ̀ sì ti sá lọ. Lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò tíì sí ilẹ̀kùn kankan nínú àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí tí opó lè kàn.